Owó Ọkọ̀ ní Èkó: Ta Ni Ẹrù Náà Ń Wọ̀ Lọ́rùn Jù?

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ pé ní ìlú Èkó, ẹni tí owó tó ń wọlé fún kéré jù lọ ni owó ọkọ̀ ń jẹ lápò jù. Ọ̀rọ̀ náà fa awuyewuye. Àwọn kan kọ̀wé pé òdodo ni, àwọn kan ní a ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan, awakọ̀ kan sì bínú débi pé ó ní kí a wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ òun wò. A yan díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó, ní agbègbè Ìkòròdú, ni mò ń gbé, mo sì ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọ́fíìsì kan ní Victoria Island. Ọ̀gá wa, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìkòyí, máa ń sọ pé owó ọkọ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń san, pé kí n yé ṣàròyé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbà lálẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni, epo kan náà sì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀gá yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò kún tó. Ẹni méjì tó jọ jókòó sórí àga kan náà nínú dánfó, iye kan náà ni kọ́ńdọ́ yóò gbà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Àmọ́ a kì í fi iye tí a san nínú ọkọ̀ kan mọ ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Gbogbo owó tó jáde lápò láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ló yẹ kí a kà pọ̀, kí a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ènìyàn ń gbà lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ka tiyín. Ọ̀kadà tàbí máruwá ni yóò gbé yín láti inú Ìgbógbó dé gáréèjì Ìkòròdú. Láti ibẹ̀, ẹ ó wọ BRT, bọ́ọ̀sì ńlá ìjọba, tàbí dánfó dé CMS ní erékùṣù Èkó, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé yín wọ Victoria Island. Ọkọ̀ mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. Bí a bá ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,000 náírà lójúmọ́, tí ẹ sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 nínú oṣù, 44,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn bá ti yọ owó ọkọ̀ kúrò, 26,000 ni yóò kù tí yóò fi jẹun, tí yóò fi san owó ilé, tí yóò fi rán ọmọ lọ sí iléèwé. Ẹni tó ń gba 500,000 náírà lóṣù lè jókòó tì í nínú ọkọ̀ kan náà, kí ó san iye kan náà, síbẹ̀ kí 44,000 yẹn má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀. Ìjọba Èkó ní tirẹ̀ gbé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé 85,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò fojú rí èyí, wọn kò sì fojú rí 70,000 náà pàápàá.

Ìṣirò mìíràn tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí owó oṣù 30,000 náírà ní ọdún 2019, 145 náírà ni wọ́n ń ta lítà epo bẹntiróòlù kan, tó fi jẹ́ pé owó oṣù náà ra epo tó lé ní 200 lítà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò sì pẹ́ kí epo tó fò kọjá 600 náírà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iye tí NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀, ń ta lítà kan ní Èkó ti di 998 náírà. Owó oṣù tuntun náà kò lè ra ju 70 lítà lọ nígbà náà. Owó pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lè gbé òṣìṣẹ́ dé ti kúrú sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Àwọn kan yóò bi yín pé ta ló rán yín lọ gbé ní Ìgbógbó. Àwọn tó ń fi ìbéèrè yẹn dá irú yín lóhùn ti gbàgbé Màróko. Ẹ̀gbẹ́ Victoria Island gan-an ni Màróko wà, àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà ló sì kún inú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Raji Rasaki, wọ́n fi katakata wó o palẹ̀. Iye àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń fojú bù ú, jẹ́ 300,000. Díẹ̀ nínú wọn rí yàrá gbà ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tà, àwọn yòókù fọ́n ká. Ilé àwọn tó rí jájẹ ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tí ì bá máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n sọ di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta, nítorí pé bí ènìyàn ṣe ń jìnnà sí erékùṣù ni owó ilé ń dínkù, tí owó ọkọ̀ sì ń gba àyè rẹ̀.

Ní ti àárọ̀ àti alẹ́, ẹ lọ dúró ní Ọbaléńdé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ìdáhùn náà fúnra yín. Kọ́ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, á máa pe “Kẹ́tu, Ojóta, Mààílì 12,” kò sì ní dárúkọ iye kankan títí tí yóò fi wo bí èrò ṣe pọ̀ tó. Bí òjò bá ṣú, iye náà á tún gòkè. Lẹ́yìn náà ni á wá kígbe pé “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!” Ohun tó fà á ni pé lálẹ́, gbogbo ayé ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó bá gbé èrò lọ sí Ìkòròdú kì í rí ẹni gbé padà sí erékùṣù ní wákàtí yẹn, nítorí náà àwọn tó gbé lọ ló ń san owó àlọ òun àbọ̀. Ẹni tó lè dúró ní ọ́fíìsì di agogo mẹ́sàn-án yóò san díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ ń retí nílé kò lè dúró.

ÌBÉÈRÈ: Awakọ̀ dánfó ni mí, Ọ̀ṣọ́dì ni mo ti ń na ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣépè fún wa bí ẹni pé àwa la ń kó owó náà sápò. Olóòtú, ẹ bá wa ṣàlàyé fún àwọn èrò, nítorí ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n wa, inú tó bí yín tọ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn gbọ́dọ̀ san owó délífírì fún ẹni tó ni ọkọ̀, èrò ìbáà pọ̀, ìbáà má pọ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì ni wọ́n ti gba owó lóòdìn, bí ó bá sì dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, àgbèrò kan á na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Bí kọ́ńdọ́ kò bá tètè fún un, á fa waipa ọkọ̀ tàbí kí ó gbá bọ́dì rẹ̀ gbàù. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kí awakọ̀ máa san 800 náírà lóòjọ́ dípò oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà, kí gbogbo rẹ̀ lè di ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà ni ẹ lè sọ bóyá ọwọ́ àgbèrò ti kúrò lójú fèrèsé. Gbogbo owó yìí, orí èrò ló ń padà sí, kò sì sí ẹni tó ń fún èrò ní rìsíìtì rẹ̀. Owó orí ni, tí a kò bá fẹ́ tan ara wa jẹ, owó orí tí a kò bu ọlá fún pẹ̀lú orúkọ yẹn, tí ẹni tó ń wọ dánfó ń san, tí ẹni tó ń wa Jíìpù tirẹ̀ kọjá níbùdókọ̀ kan náà kì í san.

Sún kẹrẹ fà kẹrẹ náà ń jẹ yín run. Ọkọ̀ tí ì bá na Ọ̀ṣọ́dì sí CMS lẹ́ẹ̀mẹfà lè má nà án ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, bẹ́ẹ̀ délífírì kò ní tìtorí rẹ̀ dínkù. Ohun tó sì dí ọ̀nà náà jù kì í ṣe dánfó tó kó ènìyàn mẹ́rìnlá, bí kò ṣe ọ̀wọ́ àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n n kò ní pọ́n yín lé jù. Bí epo bá gòkè láàárọ̀, owó ọkọ̀ á ti gòkè kí oòrùn tó là. Nígbà tí iléeṣẹ́ Dangote dín iye tó ń ta epo fún àwọn alágbàtà láti 890 sí 825 náírà ní oṣù Kejì ọdún 2025, èrò wo ni ẹ dín owó kù fún? Àwọn òǹkàwé wa bi wá bẹ́ẹ̀, àwa náà ń bi yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kò ní dára kí ìjọba fi òfin de iye tí dánfó lè gbà? Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọ̀jọ́.

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú fi ìdajì dín owó ọkọ̀ ìjọba kù, àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ náà gbà láti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú tiwọn. Ọ̀pọ̀ èrò ló wá àdínkù yẹn lójú ọ̀nà tí wọn kò rí i. Ìgbà tí ẹ bá fi òfin de iye owó tí ẹ kò sì fọwọ́ kan délífírì, lóòdìn àti àgbèrò, ohun tí awakọ̀ yóò ṣe ni pé yóò gé ọ̀nà náà sí méjì: yóò já yín sílẹ̀ ní Mààílì 2, yóò ní òun kò lọ mọ́, ẹ ó sì tún sanwó ọkọ̀ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Agége. Ó dá mi lójú pé àwọn olówó ni ìjọba ń kọ́ réluwéè fún. Kí ló dé tí wọn kò fi owó náà ra bọ́ọ̀sì fún àwọn mẹ̀kúnnù?

ÌDÁHÙN: Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò bá yín pa ohùn pọ̀ lórí èyí. Ìlà Pupa réluwéè náà, tí Ààrẹ Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Agbádó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ìjú, ó gba Agége tiyín, Ìkẹjà, Ọ̀ṣọ́dì, Múṣín àti Yábàá dé Òyìngbò. Èwo ni ilé olówó nínú Agbádó àti Múṣín? Ìlà Búlúù náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ń gbé èrò láti Mààílì 2 dé Máríínà, kìlómítà 13, láìdé ìdajì wákàtí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sínú dánfó láti Mààílì 2 ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. 750 náírà ni wọ́n là kalẹ̀ fún gbogbo ọ̀nà náà, wọ́n sì dín in sí 375 nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó máa dùn wá ni pé ó pẹ́ kó tó dé. Ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè ti gbé iṣẹ́ réluwéè ìgboro fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kí ọdún 1983 tó parí. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e. Buhari yìí kan náà ló wá ṣí apá àkọ́kọ́ Ìlà Búlúù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ogójì ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo àkókò tó wà láàrin méjèèjì, mọ́lúè àti dánfó ni mẹ̀kúnnù fi gbé e.

Síbẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àdínkù tí ìjọba ṣe lórí BRT àti réluwéè, àwọn tó ń gbé nítòsí ojú ọ̀nà ńlá ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2008 láti Mààílì 12 dé CMS, tó sì dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, kì í wọ inú àdúgbò. Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Àyọ̀bọ̀ yóò kọ́kọ́ sanwó máruwá, yóò sanwó kórópe, kí ó tó dé ibi tí ọkọ̀ ìjọba wà. Lórí ọ̀nà kúkúrú inú àdúgbò yìí, kìlómítà kan lè gbówó lórí ju kìlómítà mẹ́rin lójú títì lọ. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ rọjú sì máa ń ní ìlà gígùn. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè tò. Lébìrà tó jẹ́ pé bí agogo méje bá kọjá, wọ́n á ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, yóò sáré wọ dánfó olówó gọbọi.

Bí wọ́n bá bi mí ní ibi tí ó yẹ kí owó ìrànwọ́ lọ, inú àdúgbò ni n ó ní kí ó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ní London ni mo wà láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìyá mi tó wà lọ́dọ̀ mi kì í sanwó bọ́ọ̀sì rárá nítorí ọjọ́ orí wọn. Kí ló ń dí Èkó lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àjò o. Láti ọdún 1973 ni London ti ń fún àwọn àgbàlagbà ní ìwé ìwọkọ̀ ọ̀fẹ́, owó tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń san ló sì ń gbé e dúró. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo máa kọ́kọ́ tọrọ fún Èkó nìyẹn, nítorí pé kì í ṣe àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa jù, àwọn tó ń jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni. Ohun mìíràn wà lọ́dọ̀ yín tó wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kan ní London tó sì tún bọ́ sínú òmíràn láàrin wákàtí kan kì í tún sanwó mọ́. Ní ọdún 2018, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ lójú, kò sí iye bọ́ọ̀sì tí ènìyàn kò lè wọ̀ láàrin wákàtí yẹn. Ẹni tó jìnnà kò tún ń jẹ ìyà nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ pín sí mẹ́ta.

Èkó lè ṣe é lórí àwọn ọkọ̀ tirẹ̀. Káàdì Cowry kan náà ni ènìyàn ń fi wọ BRT, bọ́ọ̀sì kéékèèké inú àdúgbò tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2021, àti réluwéè. Ẹ̀rọ tó ń yọ owó lórí káàdì náà mọ ìgbà tí ènìyàn wọlé. Ohun tó kù ni kí wọ́n sọ fún un pé kó má yọ owó ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ìjọba sì pinnu láti gbé àlàfo owó náà. Ọ̀rọ̀ ìpinnu ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Brazil tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1985 sọ pé bí owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ bá ti kọjá ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò san ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá Ìgbógbó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ń gba 70,000 lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, 4,200 náírà péré ni yóò jáde lápò tirẹ̀ lóṣù, ọ̀gá tó ń gbé ní Ìkòyí yóò sì tètè mọ iye tí ọkọ̀ ń ná. Àbùkù òfin yìí fún ìlú wa ni pé kò lè ran ẹni tí kò ní ọ̀gá lọ́wọ́, alátẹ, aránṣọ, aláàárù, àwọn yìí ló sì pọ̀ jù ní Èkó. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a mú ti London fún gbogbo ènìyàn, kí a sì fi ti Brazil kún un fún àwọn tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ń ta tòmátì, Mààílì 12 ni wọ́n ti ń rà á. Wọ́n ní àwọn kò lè lo káàdì BRT, pé dánfó ló bá àwọn lára mu. Mo ń bá wọn jà pé wọ́n ń fi owó ṣòfò. Ṣé n kò jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ má bá wọn jà mọ́. Káàdì ń fẹ́ kí ènìyàn kó owó sílẹ̀ ṣáájú, ó sì rọrùn fún ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Owó tí ìyá yín ní láàárọ̀, owó ọjà ni. Bí wọ́n bá fi 5,000 sórí káàdì, agbọ̀n tòmátì yóò dínkù lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí èyí, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé agbọ̀n náà sí láàrin àwọn tó dúró fún ara pọ̀ nínú BRT? Kọ́ńdọ́ dánfó yóò gba owó ẹrù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n yóò bá wọn gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, yóò sì sọ̀ ọ́ fún wọn níbi tí wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ ra káàdì náà fún wọn, kí ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i láti ọwọ́ tiyín, kí wọ́n máa fi lọ láàárọ̀ nígbà tí agbọ̀n bá ṣófo, kí wọ́n sì fi dánfó bọ̀.